Àgò Lẹ́nu Ọ̀nà Ẹ̀rọ

Yorùbá kì í já wọ ilé onílé. Ẹni tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà, ì báà jẹ́ ìjòyè, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá onílé, àgò ni yóò kọ́kọ́ ké kí ó tó gbé ẹsẹ̀ wọ ìloro. Ẹni tí ó wà nínú ilé yóò dáhùn pé àgò yà, tàbí kí ó béèrè pé, "Ta nì yẹn?" Bí àlejò bá wí pé, "Èmi ni," ìdáhùn náà sábà máa ń tó. Ẹni tí kò mọ àṣà wa lè fi rẹ́rìn-ín, nítorí pé ta ni kì í ṣe "èmi" lẹ́nu ara rẹ̀? Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà ni onílé ń gbọ́, ohùn ni ó ń gbọ́. Bí ohùn náà bá ṣàjèjì sí i, yóò tún béèrè pé, "Ìwọ ta ni? Ọmọ ta ni? Níbo ni o ti ń bọ̀?" Wọn yóò máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi mọ ara wọn, tàbí títí onílé yóò fi sọ ìdí tí kò fi níí ṣílẹ̀kùn. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú dání nínú àṣà yìí ni pé ìjíròrò ni ó ń wáyé lẹ́nu ọ̀nà wa, àti pé ẹni tí a kò gbà wọlé pàápàá máa ń mọ ìdí rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà mìíràn ti wà nínú ilé wa báyìí, èyíinì ni ojú kọ̀ǹpútà tí ń béèrè orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà ń bá wa sọ níbẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí, pàápàá jù lọ àwọn tí ó ń sọ nígbà tí kò bá fẹ́ kí a wọlé, tàbí nígbà tí a bá wọlé tán tí kò rí ọ̀nà dé ìta. A ti ń yẹ ewì wò, a ti ń yẹ eré orí ìtàgé àti fíìmù wò. N kò rí ìdí tí a kò fi lè yẹ gbólóhùn ẹ̀rọ wò pẹ̀lú. Àwọn tí ń kà á lójúmọ́ pọ̀ ju àwọn tí ń ka ewì lọ. Ènìyàn ni ó sì kọ ọ́. Ohun tí ènìyàn bá kọ, ó tọ́ kí a béèrè bóyá ó kọ ọ́ dáradára, àti pé ta ni ó ní lọ́kàn nígbà tí ó ń kọ ọ́.

Ìyànà-Ìbà ni mo fẹ́ dúró sí wo ọ̀rọ̀ yìí, níbi tí ọ̀nà Ìbà ti yà kúrò lára títì márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, wà nítòsí ibẹ̀. Ọjà Alábà, tí òkìkí rẹ̀ kàn ká nídìí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti oríṣiríṣi ẹ̀rọ, kò jìnnà sí i. Okokomáíkò wà ní apá kan, àwọn ilé tí ìjọba kọ́ sí Ìbà wà ní apá kejì. Àwórì ni ó ni ilẹ̀ Ọ̀jọ́ àti Ìbà, ṣùgbọ́n Ègùn, Ìgbò, Haúsá àti Yorùbá láti ìlú gbogbo ni wọ́n jọ ń gbé e. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, tí ọjà ẹ̀rọ sì súnmọ́ ọn, kò lè ṣàì sí àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí wọ́n ń bá ènìyàn tẹ ìwé, tí wọ́n sì ń bá ọmọ ilé ìwé fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Yorùbá, Ìgbò, Ègùn tàbí pijin ni a fi ń ṣàlàyé àìsàn ẹ̀rọ nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà nìkan ni ó takú sórí Gẹ̀ẹ́sì ìwé.

Gbólóhùn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ lẹ́nu ọ̀nà náà ni èyí tí ó ń sọ pé orúkọ tàbí páásíwọ́ọ̀dù kò tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí "tàbí" yìí. Èwo nínú méjèèjì ni kò tọ̀nà? Ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á mọ́ ni. Àwọn tí ó kọ gbólóhùn náà rò ó pé bí ẹ̀rọ bá jẹ́wọ́ fún olè pé orúkọ tọ̀nà, páásíwọ́ọ̀dù nìkan ni ó kù, ó ti bá olè rìn dé ìdajì ọ̀nà. Fún báǹkì, ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà inú ilé, níbi tí orúkọ onílé àti àwòrán rẹ̀ ti wà gàdàgbà lójú ẹ̀rọ, irú ìfura bẹ́ẹ̀ kò dáàbò bo ohunkóhun. Nígbà tí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ sọ pé páásíwọ́ọ̀dù nìkan ni kò tọ̀nà, kò fi kún un ju kí onílé tún un gbìyànjú. Onílé yóò tún un tẹ̀, yóò tún un tẹ̀, nígbà tí ó bá sì di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, àwọn ẹ̀rọ mìíràn yóò tì í mọ́ta bí ẹni ti ọlọ́ṣà mọ́ta.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó fà á lè má ju ohun kékeré lọ. Ó lè jẹ́ pé bọ́tìnnì tí ń sọ gbogbo lẹ́tà di ńlá ni ọwọ́ kàn. Ó sì lè jẹ́ ohun kan tí ó wọ́pọ̀ níbi tí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ bá pọ̀ sí. Pátákó ìtẹ̀wé tí ó ti Ìlú Ọba wá kò bá ti Amẹ́ríkà dọ́gba: ibi tí àmì @ wà lórí ọ̀kan ni àmì ìfàyọ wà lórí èkejì. Lórí ti Jámánì, Y àti Z ti pààrọ̀ ààyè. Lórí ti Faransé, A àti Q ni ó pààrọ̀. Bí ẹ̀rọ bá gbà pé pátákó Amẹ́ríkà ni òun ń lò, tí ó sì jẹ́ pé ti Ìlú Ọba ni ó wà níwájú onílé, ohun tí onílé fi ojú rí lórí bọ́tìnnì kọ́ ni ẹ̀rọ ń gbà. Àwọn kóńkóló dúdú tí ó bo páásíwọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ó mọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí a tẹ ọ̀rọ̀ náà síbi tí ojú ti lè rí i, kí a fi wé èyí tí a ní lọ́kàn. Gbólóhùn kan ṣoṣo lójú ẹ̀rọ ìbá gba ènìyàn lọ́wọ́ ìrìn àjò lọ sọ́dọ̀ atúnṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ gbólóhùn náà kò ronú kan ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ sin ọ̀gá mìíràn ní ìlú mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ yìí tún ní apá kan tí kò ṣeé fi ṣeré. Ní 2005, Basel Action Network tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tí ń ti òkè òkun wọ Èkó. Ara ohun tí wọ́n rí ni pé ìwé àti àṣírí àwọn tí ó kọ́kọ́ ni ẹ̀rọ ṣì wà nínú díẹ̀ nínú wọn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà bí ó ti yí po: onílé ìsinsìnyí kò lè wọlé nítorí àmì kan tí ó ṣì ipò, ṣùgbọ́n ẹrù onílé àná ṣì wà nínú yàrá fún ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń gba fèrèsé wọlé.

Kí ni páásíwọ́ọ̀dù gan-an? Ìtàn rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1970, ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Fernando Corbató àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò CTSS tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Nítorí àjọlò yìí ni a ṣe fún olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí àṣírí fi tú: ní 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, Allan Scherr, tí wákàtí tí wọ́n fún un kò tó o, dọ́gbọ́n mú kí ẹ̀rọ tẹ gbogbo páásíwọ́ọ̀dù jáde sórí ìwé. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ́ lẹ́yìn náà, tí Robert Morris àti Ken Thompson ṣàlàyé ní 1979, ni pé kò yẹ kí ẹ̀rọ tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù rárá. Lílọ̀ ni kí ó lọ̀ ọ́, bí a ti ń lọ ata, kí ó sì tọ́jú èyí tí ó ti lọ̀. Nígbà tí onílé bá tún dé, ẹ̀rọ yóò lọ ọ̀rọ̀ tí ó mú wá, yóò sì fi lílọ̀ wé lílọ̀. Ata tí a ti lọ̀ kò ṣeé kó padà sí odindi. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé níbi tí a bá ti ṣe ètò náà bó ti yẹ, ẹnikẹ́ni kò lè wo inú ẹ̀rọ kí ó rí páásíwọ́ọ̀dù onílé kà. Atúnṣe lè fún onílé ní ààyè láti yan tuntun. Kò nílò láti mọ ti àtijọ́.

Àwọn baba wa mọ páásíwọ́ọ̀dù, wọ́n sì mọ àléébù rẹ̀. Nínú àlọ́ Ajá àti Ìjàpá, ìyàn mú débi pé àwọn ẹranko fẹnu kò láti pa ìyá wọn jẹ. Ajá gbé ìyá tirẹ̀ pamọ́ sí òkè ọ̀run. Bí ebi bá ń pa á, yóò kọ orin kan, ìyá yóò sì ju okùn sílẹ̀ fún un. Ìjàpá fetí kọ́ orin náà, ó lọ kọ ọ́, okùn sì sọ̀ kalẹ̀. A máa ń pa àlọ́ yìí fún ọmọdé láti fi kọ́ wọn pé ọ̀kánjúwà kò dára. Èmi rí ẹ̀kọ́ mìíràn nínú rẹ̀. Orin ni ìyá Ajá gbọ́, kò bèèrè ohùn. Bí ó bá ké pe àlejò náà pé, "Ta nì yẹn?" kí ó tó ju okùn, kò bá mọ̀ pé ọmọ òun kọ́. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn oníkọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ìyá Ajá gbàgbé yìí ní gbangba: lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù, wọn yóò tún béèrè nọ́ńbà kan tí ó ń yọ lójú fóònù onílé, tí ó sì ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 mìíràn.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ìbéèrè mìíràn ni wọ́n ń fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí ó sì ṣì wà láwọn ibì kan títí di òní: kí ni orúkọ ìdílé ìyá rẹ kí ó tó lọ sílé ọkọ? Ẹni tí ó kọ ìbéèrè yìí gbà pé obìnrin a máa sọ orúkọ ilé baba rẹ̀ nù lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí yóò fi di àṣírí. Láàrin wa, ilé tí ìyá ti wá kì í ṣe àṣírí rárá. A ń fi oríkì rẹ̀ ki ọmọ; a ń dárúkọ rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó; bí olóògbé bá sì kú, a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri àdúgbò pẹ̀lú àwòrán. Ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ni a fi ṣe kọ́kọ́rọ́ ilé. Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí pa lára. Ní 2008, ẹnìkan wọ àpótí lẹ́tà Yahoo ti Sarah Palin, tí ó ń díje fún ipò igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, nípa dídáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láti inú ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ nípa rẹ̀.

Bí ìbéèrè ẹnu ọ̀nà kò bá mọ àṣà wa, ṣé ó mọ lẹ́tà wa? Ẹ jẹ́ kí a ní ẹnìkan tí ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi ṣe páásíwọ́ọ̀dù, tí ó sì fi àmì sí i bó ti yẹ. Lẹ́tà ọ́ tí ojú wa rí ní ọ̀kan ṣoṣo yìí, kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ ní ọ̀nà mẹ́ta: kí ó mú ọ tí ó ti ní àmì abẹ́, kí ó fi àmì ohùn lé e, kí ó mú ó tí ó ti ní àmì ohùn, kí ó fi àmì abẹ́ sí i, tàbí kí ó mú o lásán, kí ó fi àmì méjèèjì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú òǹkàwé, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ata tí ó bá sì yàtọ̀ bí ó ti wù kí ó kéré mọ, lílọ̀ rẹ̀ yóò yàtọ̀ pátápátá. Nítorí náà, ẹni tí ó yan páásíwọ́ọ̀dù lórí kọ̀ǹpútà ilé, tí ó sì lọ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìyànà-Ìbà, lè tẹ̀ ẹ́ láìṣì lẹ́tà kan, kí ẹ̀rọ sì sọ fún un pé kò tọ̀nà. Oògùn rẹ̀ kò ṣòro. Ní 2017, IETF tí ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì là á sílẹ̀ pé kí ẹ̀rọ sọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan kí ó tó fi wé ara wọn. Ibi tí wọn kò bá ti tẹ̀lé e, tàbí tí wọn kò tilẹ̀ gba lẹ́tà tí ó ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, ọlọ́gbọ́n a máa bọ́ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ó lè ráyè wọlé. Láti ìpàdé Èkó ti 1875 ni a ti ń jiyàn lórí bí ó ti yẹ kí a kọ èdè wa sílẹ̀. Ó dùn mí pé ibi tí a ti ní kí olúkúlùkù kọ ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ jù lọ ni àwọn àmì náà ti ń di ẹ̀rù.

Ká sọ pé onílé wọlé. Ó kù kí ó rí ọ̀nà dé ìta, níbi tí ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti wọlé. Ní 2004, Windows XP bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkọlé kan hàn ní igun ojú rẹ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ìsopọ̀ rẹ níwọ̀n tàbí kí ó má sí rárá. N kò tíì rí ìròyìn tí ó ṣàìníláárí tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ẹnìkan pé, "Ṣé ọmọ ti dé?" tí ó sì dáhùn pé ó dé díẹ̀ tàbí kò dé rárá, a ó ní kí ó lọ jókòó. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ mọ ohun tí ó ṣe é. Nínú ilé tí ó ní ráútà, ráútà ni ó ń pín nọ́ńbà àdírẹ́sì fún àwọn ẹ̀rọ, bí àgbà ilé ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, tí a yà sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, dà bí orúkọ tí a ń pe ènìyàn nínú ilé: Ìyá Àgbà wà ní agbo ilé gbogbo, kò sì sí ẹni tí ó ń ṣì wọ́n mú níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì jáde síta. Bí kọ̀ǹpútà bá ké pe ráútà tí kò sì gbọ́ èsì, yóò fi nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ẹni tí ó bá mọ èyí, ní kété tí ó bá rí 169.254, ó mọ̀ pé àárín òun àti ráútà ni kí òun ti máa wá wàhálà náà kiri, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ń ta dátà.

Ibí yìí ni ọgbọ́n àwọn atúnṣe ti tayọ ti ẹ̀rọ. Oníbàárà yóò wí pé, "Ẹnjiníà, kò lọ mọ́ o." Atúnṣe yóò dáhùn pé, "Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ni kò lọ? Ṣé gbogbo rẹ̀ ni àbí ibì kan? Ṣé fóònù yín ń lọ lórí ráútà kan náà? Ìgbà wo ló ti lọ gbẹ̀yìn? Ṣé dátà ò tíì tán?" Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Láti inú ilé ni ó ti ń bọ̀ síta: iná ráútà àti wáyà ni yóò kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń jẹ́, lẹ́yìn náà bóyá ráútà ń dáhùn, lẹ́yìn náà bóyá ibi tí ó jìnnà ń dáhùn bí a bá fi nọ́ńbà pè é, ní ìparí bóyá ó ń dáhùn bí a bá fi orúkọ pè é. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà tí ó sì kọ̀ láti jẹ́ orúkọ, ètò tí ń sọ orúkọ di nọ́ńbà, tí Paul Mockapetris gbé kalẹ̀ ní 1983, ni ó ní àtúnṣe. Bí bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ àtijọ́ bá ti kú, tí iná mànàmáná sì lọ, ẹ̀rọ lè jí kí ó gbà pé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni a wà. Gbogbo ìwé ẹ̀rí tí àwọn ojúlé ayélujára bá fi hàn án yóò dà bí ayédèrú lójú rẹ̀. Ẹ̀rọ yóò ké gbàjarè pé ewu ń bẹ, nígbà tí ó jẹ́ pé déètì nìkan ni kí a tún ṣe. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ èyí tí ó jẹ́ ẹ̀tẹ̀ yóò pa èyí tí ojú rẹ̀ bá kọ́kọ́ rí.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀bi kò sí nínú ilé rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí etí òkun wa já nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Àwọn báǹkì Nàìjíríà kan kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ tí ó wà nínú ilé kò lè sọ fún onílé pé Abidjan ni okùn ti já. Èyí tí ó lè sọ, tí ó sì yẹ kí ó sọ, ni pé ara òun le, ráútà náà ń dáhùn, ìta ni kò dáhùn. Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ìbá gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ títú ohun tí kò bàjẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ èdè nìkan ni mo ń jà sí, àti pé a ti ń sọ kọ̀ǹpútà di Yorùbá. Òótọ́ ni. Microsoft ti ṣe àkójọ èdè Yorùbá tí a lè gbé lé Windows 7. Ilé iṣẹ́ Alt-i tí Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn sì ti ṣe iṣẹ́ takuntakun lórí èdè wa àti ẹ̀rọ. Mo kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kì í kárí. Àwọn ibi tí a ń lò jù lọ ni ó ń túmọ̀, ìyókù á sì wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣeé ṣe nígbà náà kí ẹ̀rọ kí ọ káàbọ̀ ní Yorùbá, kí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì lé ọ jáde. Lójú tèmi, bí owó àti àkókò kò bá tó, ìbá sàn kí a fi ìkíni sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí a túmọ̀ ìkìlọ̀. Ẹni tí ọ̀ràn kò bá ni kì í nílò ògbufọ̀.

Ìtumọ̀ pàápàá ní ti rẹ̀. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tuntun tí a ti ṣe, mo fẹ́ràn "ìtàkùn àgbáyé," nítorí pé okùn ni lóòótọ́, ó sì ń rán ni létí okùn ìyá Ajá: ó lè já, ẹlòmíràn sì lè gùn ún. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1984, pé a lè ní orúkọ fún ohun gbogbo tí a bá fẹ́ sọ nípa èdè àti lítíréṣọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá sì ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀ ní 1970, tí ó fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ètò Ifẹ̀ fi yàtọ̀ ni pé àlàyé ni ó wá, kì í ṣe orúkọ lásán. Ọmọ tí ó mọ "páásíwọ́ọ̀dù" ní orúkọ Yorùbá mẹ́wàá, tí kò mọ̀ pé lílọ̀ ni a ń lọ̀ ọ́, kò tíì mọ nǹkan.

Kí ni ó wá kan àwa? Láti 2015 tí ìdánwò UTME ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá, ọmọ tí ó fẹ́ wọ yunifásítì kò lè yẹra fún ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ. Ọjà títà náà ti wọ inú fóònù. Ẹni tí kò lóye ohun tí ẹ̀rọ wí, ẹlòmíràn ni yóò kà á fún un. Níbi tí ó bá sì gbé jókòó sídìí ẹni tí ń bá a kà á, ohun tí ó rọrùn jù ni kí ó dá páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sí i létí, tàbí kí ó jẹ́ kí onítọ̀hún yàn án fún un, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ṣọ́ọ̀bù. Mo ti yin àwọn atúnṣe, n kò sì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni olóòótọ́. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ìwà rere ẹnìkan rọ́pò ìmọ̀ onílé. Lẹ́tà ìgbàwọlé, owó inú báǹkì, àwòrán ìdílé, gbogbo rẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan náà. Àìsọ-ìdí ẹ̀rọ ni ó ń sọ onílé di ẹni tí ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ tọrọ ọ̀nà. Ìwé tí ń jẹ́ àṣìlóye máa ń mú kí òǹkàwé sú. Gbólóhùn ẹ̀rọ tí kò yé ni máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni.

Nítorí náà, n kò ní fi àròkọ yìí mọ sí ìkùnsínú. Ẹni tí ó bá ń kọ ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ ní èdè wa, mo rọ̀ ọ́ kí ó kọ báyìí: "Páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ tẹ̀ kò bá èyí tí mo mọ̀ mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó bóyá lẹ́tà ńlá ni ẹ ń tẹ̀, tàbí bóyá pátákó ìtẹ̀wé yín kò bá èyí tí mo rò mu. Ẹ lè tẹ ojú tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ yìí kí ẹ rí ohun tí ẹ tẹ̀." Tàbí báyìí: "Mo ké pe ráútà, kò dá mi lóhùn. Ẹ wo iná ara rẹ̀." Tàbí báyìí: "Ráútà dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n n kò rí ìta. Ó lè jẹ́ pé dátà ti tán." Kò sí ọ̀rọ̀ tuntun kan tí a ní láti ṣẹ̀dá nínú wọn. Kò sí àṣírí kan tí wọ́n tú fún olè. Ẹ̀rọ tí a fi owó wa rà, tí a gbé sínú ilé wa, ó tọ́ kí ó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó bá ké àgò sí i.